Ìṣísẹ̀ Mọ́kànlá Tí Bàbá Mi Rìn

Onínú fùfù ni mí. Kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kẹ́nì kan má lọ rò pé mo fẹ́ fi pamọ́. Màmá mi máa ń sọ pé ìbínú tèmi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Béèyàn bá ṣẹ̀ mí, màá ti wí tán kí n tó mọ ohun tí mò ń wí. Bàbá mi nìkan ló mọ oògùn ẹ̀. Wọ́n máa ń pè mí ní "ìyá mi", torí gbogbo ẹbí ló gbà pé ojú ìyá tó bí wọn ni mo gbé wá sáyé. Bí mo bá ti ń fapá jánú, bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní pálọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi, ọmọ yín ni mí." Ẹ̀rín á pa mí, ìjà á sì tán. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti kékeré mi títí mo fi di obìnrin tó ń lọ sí ọ́fíìsì.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ajégúnlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, iwájú ilé wa gan-an. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù. Òdòdó kan wà tí wọ́n máa ń gbẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ewé méje ló ní, igi ẹ̀ sì tẹ̀ sápá òsì bí ẹni tó ń tẹ́tí sọ́rọ̀. Kò sí nínú ìwé kankan, orí ara wọn ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn ọ̀gá tó ń gbé GRA ní Àpápá lọ́hùn-ún máa ń rán dírẹ́bà wọn wá, dírẹ́bà á ní bẹ́ẹ̀dì olódòdó lọ̀gá òun ń bèèrè. Ilé ńláńlá tí wọn ò ní jẹ́ káwa gba ẹnu géètì wọn kọjá, òdòdó bàbá mi wà ní yàrá wọn.

Bẹ́ẹ̀dì tiwa ńkọ́? Ó pá. Ọ̀rọ̀ màmá mi nìyẹn, wọn kì í fi bò. "Bẹ́ẹ̀dì gbogbo ayé ló lódòdó, tèmi nìkan ló párí." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní káwọn kọ́kọ́ mú iṣẹ́ oníṣẹ́ kúrò nílẹ̀ ná. Wọ́n tiẹ̀ ti ra pákó ẹ̀ sílẹ̀, ọ̀gànwó gidi, ó nípọn, ó pupa, ó fara ti ògiri yàrá wọn láti ìgbà tí mo wà ní prámárì. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ò tán nílẹ̀ láéláé. Orí bẹ́ẹ̀dì tó pá ni màmá mi kú sí. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú mo já wọ yàrá, mo bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń fi ìró màmá mi nu eruku ara pákó yẹn. Wọn ò rí mi. Mo rọra padà sẹ́yìn.

Ọdún kan ò pé lẹ́yìn náà tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi mú wọn. Apá ọ̀tún ló lọ. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, tí mo bá dì wọ́n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ ni kò dáhùn. Ó kàn wà lórí itan wọn bí ọwọ́ ẹlòmíì tó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wá na ẹsẹ̀ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi gbangba: "Àǹtí, ẹ má gbé wọn bí ẹyin. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lè dá dìde fúnra wọn, tí wọ́n rìn láìsí ọ̀pá, ẹ pè mí, ká jọ jó." Mo ní mo gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ń wo pákó ọ̀gànwó yẹn. Wọ́n pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìyá mi, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ, tí wọ́n bi mí léèrè òdòdó wọn, kí ni mo fẹ́ wí?" Mo ní kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ ikú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́.

Nílé iṣẹ́ àwọn tó ń gbẹ́rù jáde ní pọ́ọ̀tù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Tin Can. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa tẹ ìwé kọ̀ǹténà lórí kọ̀ǹpútà. Orí fóònù ni mo ti rí ọkùnrin kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ to ẹ̀rọ kan sínú ilé, fún ìgbádùn lásán, ó yàwòrán sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ń darí mọ́tò, mọ́tò ń ti abẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún, abẹ sì ń gbẹ́ àwòrán yẹn sára igi. Mo dìde dúró lórí ìjókòó mi. Mo ní, háà, ọwọ́ bàbá mi rèé!

Kọ̀ǹpútà ò ṣòro. Ọ̀kan wà tí ọ̀gá mi fẹ́ kó dànù, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n máa gbé e lọ. Nígbà tí mo tú ìdí ẹ̀, aáyán ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Mo gbá a, mo nù ún, mo pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, mo fi ètò kan ṣoṣo sí i, èyí tí ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀. Mọ́tò, Ijora ni mo ti rí i, lọ́dọ̀ àwọn tí ń tú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó ti kú. Kékeré ni, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Mẹ́ta ni mo nílò: ọ̀kan fún òòró, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan tí á máa gbé abẹ sókè tí á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Abẹ fúnra ẹ̀ ní ẹ̀rọ àti wáyà tiẹ̀ tó ń mú un yí bí dírílì.

Ibi wáyà ni wàhálà wà. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́rin, àwọ̀ wọn ti ṣá, kò sì sí ìwé tí yóò sọ èyí tó bá èyí lọ. Méjì-méjì ni wọ́n. Bó o bá so wọ́n sódì, mọ́tò á máa gbọ̀n, á máa kùn, kò ní yí. Mo ti gbé ohùn sókè sí mọ́tò yẹn fún ọjọ́ méjì kí n tó kà á lórí fóònù pé èèyàn lè so wáyà méjì pọ̀, kó wá fọwọ́ yí orí mọ́tò: bó bá le, ọmọ ìyá ni wọ́n, bó bá ṣì rọ̀, wọn ò mọra rí. Bàbá mi ní kí n gbé e wá. Wọ́n dì í mú sáàárín orúnkún, wọ́n fi ọwọ́ òsì yí i, wọ́n dijú.

"Ó rọ̀," wọ́n ní.

Mo pààrọ̀ wáyà.

"Ó rọ̀."

Mo tún pààrọ̀.

"Hẹ̀n-ẹn! Ọmọ ìyá! Ọmọ ìyá ni wọ́n! Ó le bí orí ẹ!"

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe to gbogbo ẹ̀. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa pàṣẹ, èmi á máa ṣe é. Nígbà tí mọ́tò ń ṣiṣẹ́, mo ní kí kọ̀ǹpútà ti abẹ lọ ní ìnṣì mẹ́wàá. Bàbá mi nawọ́ rúlà onígi wọn sí mi, wọ́n ní kí n wọ̀n ọ́n lójú àwọn. Mẹ́jọ ààbọ̀. "Òpùrọ́ ni ẹ̀rọ ẹ," wọ́n ní. Mo yí iye ìṣísẹ̀ tó yẹ kó rìn padà. Ó di mẹ́sàn-án àti díẹ̀. "Ó ṣì ń purọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń tijú." Títí ó fi pé mẹ́wàá géérégé. Bí mo bá ti wá ń yangàn, wọ́n á ní, "Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà o. Kó rọra."

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ya òdòdó náà sára páálí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ilà ń gbọ̀n, wọ́n ń yà á, wọ́n ń pa á rẹ́. Mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ilà. Bàbá mi ń wò mí léjìká. "Má tọ́ ìyẹn jù. Igi ẹ̀ ò tọ́. Jẹ́ kó tẹ̀." A gbẹ́ ẹ̀ẹ̀kíní sára àfọ́kù pákó. Wọ́n fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ lé ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìkíní dé ìkeje. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Gbé pákó ìyá ẹ wá."

Mo ti ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún wọn, ẹ gbọ́. Mo ní, "Ẹ̀rọ yìí ò lójú o, Bàbá. Kò mọ ibi tí pákó wà, kò mọ ibi tóun alára wà. Ìṣísẹ̀ ló kàn ń kà láti ibi tó ti gbéra. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́nrẹ́n, ó ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

"Bó ṣe ṣèmi náà láàárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn yìí mú mi," wọ́n ní. "Tí iná bá wá lọ ńkọ́?"

"Kò ní lọ. Jẹnẹrétọ̀ la máa lò."

Àṣìṣe mi rèé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé Ajégúnlẹ̀ rí máa mọ̀ pé iná lílọ là ń bẹ̀rù. Iná dídé, ta ní í bẹ̀rù ẹ̀? Bí iná bá dé, ọmọdé á hó, àgbà á hó, ẹni tó bá wà nítòsí á sáré lọ yí ṣéńjófà, irin ara ògiri tí ń yí ilé kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ sí iná ìjọba, kí epo má bàa jó dànù. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ dòfin nílé wa. Mo ti pariwo lórí epo láìmọye ìgbà: "Bí iná bá ti dé, ká yí i kíá, ẹ̀yin èèyàn yìí!" Mo sọ fún bàbá mi pé iná ò ní lọ. Mi ò sọ fún wọn pé, bí iná bá dé, kí wọ́n má yí i, torí yíyí yẹn náà á mú iná ṣẹ́jú. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán gangan. Iná ò tíì wá láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo rọ epo kún jẹnẹrétọ̀, mo so pákó mọ́lẹ̀ dáadáa. Bàbá mi ní káwọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn de bọ́tìnnì ẹ̀. Mo gbé wọn jókòó sórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà tó já láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù, kí lébúlébú igi má bàa wọ̀ wọ́n lójú. Ọ̀pá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo ki nǹkan bọtí nítorí ariwo, mo tan abẹ, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa lọ.

Ẹ wo iṣẹ́! Ọ̀gànwó ń ṣí bí ẹni ń bó èso. Ewé kan, ewé méjì. Mo bojú wẹ̀yìn, bàbá mi ń mi orí, wọ́n ń fi ìka òsì yà á nínú afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e. Ewé mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Abẹ ti wà lórí ẹ̀kẹfà, níbi tó ti wọ àárín òdòdó. Mi ò wẹ̀yìn mọ́, ojú mi ò kúrò lára pákó, omi ti kún un.

Gbogbo nǹkan dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Mọ́tò tó gbé abẹ dání ṣọwọ́ sílẹ̀, abẹ sì já lu pákó. Kí n tó nawọ́, iná ti padà. Kọ̀ǹpútà ò tíì jí, mọ́tò ò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí níbi tó jókòó sí, ó ń lu igi lọ sísàlẹ̀, èéfín ń rú. Ìgbà tí mo fi fa wáyà ẹ̀ yọ, ihò tó gba àtàǹpàkò mi ti wà láàárín òdòdó màmá mi.

Mo yọ nǹkan etí mi. Gbogbo àdúgbò ń hó, "Light don come!" Mo yíjú. Bàbá mi wà nídìí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n dúró, ọwọ́ òsì wọn ṣì wà lára ṣéńjófà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Iná dé," wọ́n ní. "Mo ti yí i fún ẹ."

Yéè! Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, mi ò lè tún un gbé mì. Mo ní, "Ta ló rán yín níṣẹ́? Ta ló rán yín? Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ̀ bá kúkú jókòó síbi tí mo fi yín sí!"

Aládùúgbò wa, obìnrin ará Delta tó ń ránṣọ lójúlé kejì, sáré wọlé torí igbe mi. Kò tiẹ̀ wo pákó. Bàbá mi ló ń wò, ó wo àga, ó wo ọ̀pá tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó pàtẹ́wọ́. "Jesus! Papa waka! Sister, you see am? Papa waka reach there by himself!"

Mo rí i. Ohun tó ń pa mí jẹ nìyẹn. Bí mi ò bá rí i ni, ìbá sàn. Mo rí ọ̀pá, mo rí àga, mo rí bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Bàbá mi tí kò lè dá dìde láti oṣù méje, wọ́n ti dá dìde, wọ́n ti rìn, nítorí kí epo ọmọ wọn má jó dànù. Inú ń bí mi, mo sì rí i, mo la ẹnu mi yìí, mo ní, "Ìrìn kọ́, ìrìn ni!"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọn ò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kàn tẹrí ba níbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi." Ẹ̀rín ò pa mí lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin aránṣọ yẹn ló dì wọ́n mú padà sórí àga.

Láti ọjọ́ náà, bí iná bá dé, wọ́n á kàn pè mí. "Ìyá mi, iná ti dé o." Wọ́n á jókòó. Èmi ni mo ń lọ yí i. Nọ́ọ̀sì dé, ó na ẹsẹ̀ wọn, ó ní ó ti tún ń le, kí ló dé tí wọn ò dìde mọ́? Mo wà ní kíṣìnnì, mo gbọ́ tí bàbá mi ń fèsì, wọ́n ń fi ṣàwàdà: "Wọ́n ní kí n jókòó síbi tí wọ́n fi mí sí." Mo ń fọ abọ́ mi lọ. Ó yẹ kí n jáde lọ kúnlẹ̀. Mo ní tó bá dọ̀la. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ èmi rò pé mo ṣì lè fi nǹkan mìíràn dí i. Mo rò pé pákó ni mo jẹ wọ́n. Mo ní màá wá ọ̀gànwó mìíràn, màá tún òdòdó gbẹ́, ó ṣáà wà nínú kọ̀ǹpútà, ìgbà náà ni màá wá bẹ̀ wọ́n.

Bàbá mi ní, "Má ra pákó kankan. Kan èyí mọ́ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wà."

Mo ní, "Pẹ̀lú ihò?"

"Ihò yẹn, èmi ni mo lù ú. Ọwọ́ mi wà lára ẹ̀ nìyẹn. Ìyá ẹ á mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé wọ́n ń dápàárá ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí pákó gidi ná. Sátidé méjì ni mo fi wá a kiri. Ọjọ́ Sátidé kejì, mo wà lọ́jà pákó, mo ń fi èékánná ha ọ̀gànwó kan wò bí bàbá mi ṣe kọ́ mi, nígbà tí fóònù mi dún. Obìnrin aránṣọ ni. Kò lè sọ̀rọ̀. "Sister, come. Abeg, come." Àwọn tírélà tó tò lọ sí Tin Can ti dí ojú ọ̀nà pa, mo fẹsẹ̀ rìn ín, mo ń sáré, mo ń ṣubú. Mo bá wọn lórí àga wọn. Ibi tí mo fi wọ́n sí láàárọ̀ gan-an ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó kan pákó oníhò náà mọ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ wọn wá, wọ́n ní àwọn lè bá mi dí i, kò ní hàn rárá. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà. Kọ̀ǹpútà yẹn lè sọ iye ìṣísẹ̀ tí mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn kí abẹ tó dé ewé kẹfà, kò fo ọ̀kan. Ti bàbá mi ni ẹnikẹ́ni ò kà. Lọ́jọ́ kan tí iná dé, tí àdúgbò ń hó, mo jókòó sórí àga wọn, mo dìde, mo rìn ín ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ arúgbó, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, títí ọwọ́ òsì mi fi tó ṣéńjófà. Mọ́kànlá ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí, nígbàkigbà tí iná bá dé. Mo máa ń rìn ín, màá yí i, màá wá kọjú sí àga wọn, màá sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń sọ ọ́ sókè, kí obìnrin aránṣọ lójúlé kejì lè gbọ́ ọ.

"Bàbá, ẹ mà rìn o. Ẹ rìn."